Gbin Iṣu, Má Gbin Kòkó

Kò sí ẹni tó ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Bìní tàbí Onítṣà rí tí kò mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí yóò ní, "Ogún ìṣẹ́jú péré o," tí gbogbo èrò yóò sì tú jáde: ẹni tó ń wá iyán, ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti tọ̀, ẹni tó kàn fẹ́ na ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín á ti dé ojú fèrèsé kí ọkọ̀ tó dúró tán. Bí ogún ìṣẹ́jú bá pé (ó máa ń di ọgbọ̀n), ọkọ̀ á gbéra, Ọ̀rẹ̀ á sì di ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi ti jẹun níbẹ̀ tó ìgbà ogún láì mọ̀ bóyá ìlú náà ní ọba tàbí kò ní.

Èmi, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kì í ṣe ojú títì gan-an o. Abà kan ni, nínú igbó tó wà láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó, tí ẹni tó bá yára lẹ́sẹ̀ yóò rìn bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó dé oríta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní, tí wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà Èkó lábẹ́ Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Títí di òní, bí nǹkan bá le tán, Yorùbá á ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Ohun tí èmi rántí kò tó ìyẹn. Mo rántí pé inú oko kòkó olókòkó la sùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pé òjò ń pa wá, àti pé bàbá mi ń kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ ká èso kankan níbẹ̀, ogun dé ni o, ogun ò dé ni o, nítorí igi náà kì í ṣe tiwa.

Ọ̀rọ̀ igi tí kì í ṣe tiwa yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, tó máa ń fi Ọ̀rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ìlú tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé, tí kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti gẹdú yí i ká, kí ló dé tí kò tíì di Onítṣà?" Wọ́n ti gbé afárá sórí oríta náà nígbà ìjọba Rótìmí Akérédolú (2017 sí 2023), ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà sì wà nítòsí, síbẹ̀ ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi kò tíì kúrò nílẹ̀. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni àwọn ará ibẹ̀. Irọ́ ni. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó bàbá mi.

Ọdún 1951 ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò ní abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí Gold Coast, ó ń lọ tajà ní Kùmásì. Bàbá mi kò ní owó ọjà, apá àti àdá ló ní, ó bá kọjú sí igbó. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe lébìrà fún ọlọ́kòkó kan, ará Oǹdó: ó ń ṣán oko, ó ń já kòkó, ó ń fọ́ ọ, ó ń sá a. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ tọrọ ilẹ̀ tirẹ̀. Ó gbé ìgò ọtí méjì àti obì lọ bá bàbá onílẹ̀. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fi ilẹ̀ hàn án, èyí tó pọ̀ ju ohun tó lè dá lọ. Wọ́n ní kó máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún: iṣu, epo, ọtí, àti owó díẹ̀. Bó ti dọ̀bálẹ̀ tó ń dúpẹ́ ni bàbá onílẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ èyí tó kù: "Gbin iṣu, gbin ẹ̀gẹ́, gbin àgbàdo. Má gbin kòkó. Má gbin ọ̀pẹ. Má gbin obì. Ohun tí o bá lè wú kúrò nílẹ̀ ni kí o máa gbìn, ọmọ mi."

Bí bàbá mi bá ń sọ ìtàn yìí, ohùn onílẹ̀ náà gan-an ló máa ń fi sọ ọ́, títí kan "ọmọ mi" tó gbẹ̀yìn yẹn.

Mo fẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe ìkà. Nínú àṣà Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni igi. Bí mo bá gbin igi sórí ilẹ̀ yín pẹ̀lú àṣẹ yín, èmi ni mo ni èso rẹ̀. Bí mo bá kú, ọmọ mi ló ni ín. Kòkó tí a bá tọ́jú lè so fún ogójì ọdún. Kí ogójì ọdún tó pé, àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí ọtí àti obì ti kú tán, ọmọ àlejò á wá máa pe ibẹ̀ ní oko bàbá òun, ilé ẹjọ́ ló kù. Onílẹ̀ tó ní kí àlejò má gbin igi, ọmọ tirẹ̀ tí kò tíì bí ló ń gbèjà. Iṣu ò lè jẹ́rìí ní kóòtù. Igi lè jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò sì le tó báyìí rí. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, èèyàn ló wọ́n ní igbó wa, kì í ṣe ilẹ̀. Ìjà abẹ́lé ti tú ìlú Oǹdó ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1872 ni Goldsworthy, tí Gómìnà Glover rán láti Èkó, bá wọn parí rẹ̀ tí wọ́n fi padà sílé. Ìjọba Èkó kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló ń di ọ̀nà ìṣòwò bó ti wù wọ́n, Èkó sì ń wá ọ̀nà mìíràn tí kò ní gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá: láti ojú ọ̀sà lọ sí Àtìjẹ́rẹ́, lọ sí Ayésàn, gba inú igbó dé Oǹdó, láti ibẹ̀ lọ sí Iléṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà yìí ni ìbọn ìgbàlódé gbà dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Ẹ ò rí i pé láti ìgbà náà lọ́hùn-ún ni ohun olówó ńlá ti ń gba igbó wa kọjá lọ síbòmíràn?

Nígbà náà, àṣà Oǹdó yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀, ìdílé ló ni ilẹ̀. Ní Oǹdó, igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá jẹ́ ti ìlú lábẹ́ Òṣemàwé. Ọmọ Oǹdó tó bá lágbára lè wọ inú rẹ̀, kó ṣán an, kó di tirẹ̀. Nígbà tí ìmọ̀ kòkó wá ń tàn kálẹ̀ láti oko àwọn èèyàn bíi J. K. Coker ní Agége, tí lébìrà àti oníwàásù ń gbé èso rẹ̀ lọ sílé, ìdẹra yìí ló jẹ́ kí kòkó Oǹdó gbilẹ̀ kíá. Ọmọ ìlú kò nílò owó ilẹ̀, kò nílò ìwé. Àdá ló nílò, àti ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́: ọmọ, ìwọ̀fà, nígbà tó yá, lébìrà. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kó igbó. Nígbà tí bàbá mi fi dé, igbó tí kò ní olúwa ti tán, èyí tó kù, ìjọba ti fi ààlà sí i.

Ti ìjọba yìí gan-an ló dùn mọ́ bàbá mi nínú jù. Àwọn òyìnbó ti ya igbó Olúwa sọ́tọ̀, gẹdú inú rẹ̀ di ti ìjọba. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n gé apá kan igbó náà lulẹ̀, wọ́n fi gmelina rọ́pò rẹ̀, igi kan tó máa ń yára dàgbà, tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe pépà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ sí Ìwópin. Kí koríko má bàa bo igi náà mọ́lẹ̀, wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ aláìnílẹ̀ pé kí wọ́n wá dáko sáàárín rẹ̀. Taungya ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí òyìnbó kó wá láti Burma. Bàbá mi lọ forúkọ sílẹ̀. Olùṣọ́gbó ka òfin fún wọn: iṣu, bẹ́ẹ̀ ni; àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni; kòkó àti ọ̀pẹ, ó tì; bí gmelina bá sì ti ga tó ṣíji bo ilẹ̀, kí àgbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Bàbá mi padà délé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá onílẹ̀ ti wọ kàkí o!"

Ilé iṣẹ́ pépà náà kò ṣiṣẹ́ rí bí wọ́n ti pète rẹ̀.

Ní 2024, wọ́n fún àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Daron Acemoglu, Simon Johnson àti James Robinson, ní ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòroó gbọ́: wọ́n ní kì í ṣe ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ ọlọ́ràá ló ń sọ orílẹ̀-èdè di olówó tàbí tálákà, bí kò ṣe òfin àti ìlànà tí àwọn ará ìṣáájú fi lélẹ̀, pàápàá ti ẹni tó láǹfààní láti ní nǹkan àti ẹni tí kò ní in. Mo kà á, mo rántí bàbá mi. Ibi tí mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn díẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè lódindi ni wọ́n sábà máa ń wò. Ní ọ̀dọ̀ wa, òfin méjì lè wà lórí ebè kan: ọmọ onílẹ̀ àti àlejò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ọkọ́ kan náà, ọ̀kan ń gbin ogójì ọdún, èkejì ń gbin ọdún kan.

Bẹ́ẹ̀ ibòmíràn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kùmásì, padà dé ní òpin ọdún 1969 nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà. Àpótí kan àti ìyàwó méjì ló kó dé. Bó ti jókòó sí abà wa lálẹ́, ó ní, "Àbúrò, àlejò ń ra igbó kòkó lọ́hùn-ún o." Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ará Gánà yìí, ẹ mọ ìtàn ún pa." Òótọ́ ni Bàbá Kùmásì sọ. Nínú ìwé tí Polly Hill tẹ̀ jáde ní 1963, ó fi hàn pé láti nǹkan bí 1890 síwájú ni àwọn àgbẹ̀ Akwapim àti Krobo ti ń ra igbó lọ́wọ́ àwọn ọba Akyem, tí wọ́n ń pín in láàárín ara wọn, tí wọ́n ń fi kòkó sí i. Nígbà tó fi di 1911, kò sí ilẹ̀ láyé tó ń kó kòkó jáde tó Gold Coast. Ẹni tí kò lówó láti ra ilẹ̀ lè ṣe abusa: ó ń tọ́jú oko olóko, ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta èso.

Ti Ivory Coast tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn òmìnira, Ààrẹ Houphouët-Boigny kéde pé ẹni tó bá ń fi ilẹ̀ ṣe nǹkan gidi ló ni ín. Àwọn ará Burkina Faso àti Mali rọ́ wọ inú igbó. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, Ivory Coast ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Gánà, kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Igbó tán, Houphouët kú ní 1993, àwọn ọmọ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilẹ̀ baba wọn. Òfin 1998 ní ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko, ìbínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà lára ohun tó gbé ogun 2002 dìde. Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, èyí tó gbóná ní 1981, ní 1983, àti láti 1997 sí 2000. Ní abà tiwa, kò sẹ́ni tó fa àdá yọ sí ẹnìkejì rẹ̀. Onílẹ̀ kò jẹ́ kí ìjà hù, torí kò jẹ́ kí igi hù. Àlàáfíà náà ní iye tí wọ́n ń tà á, bàbá mi ló san án.

Mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi ará Ìbàdàn fetí sí ibi tó kàn yìí. Ẹni tí kò lè gbin igi, kí ló fẹ́ kọ́lé ṣe? Bàbá mi gbé inú ilé alámọ̀ onípákó fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní igbó Òdìgbó. Owó iṣu rẹ̀ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí abúlé wa lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé ju ọjọ́ ọdún lọ. Onílẹ̀ rẹ̀ náà, ìlú Oǹdó ló kọ́lé tirẹ̀ sí, torí Yorùbá gbà pé oko kì í ṣe ilé. Bó ti wù kí oko lówó lórí tó, ilé ni wọ́n ń gbé òkú èèyàn lọ. Àlejò ń kó owó lọ sílé, onílẹ̀ ń kó owó lọ sílé, ọlọ́kọ̀ ń jẹun tán ó ń lọ. Ta ni yóò wá dúró sọ Ọ̀rẹ̀ di Onítṣà? Mi ò sọ pé èyí nìkan ló fà á. Onítṣà ní odò Ọya àti ọjà àtayébáyé, Ọ̀rẹ̀ kò ní in. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí owó tiwa gbà lọ.

Ọlọ́kòkó pàápàá kì í jẹ gbogbo rẹ̀. Láti 1947 ni ìjọba ti ní Bọ́ọ̀dù tó ń rà á, ní 1954 ó di ti Ìwọ̀ Oòrùn. Iye tí Bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kì í tó iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ ọlọ́kòkó jẹ, lébìrà ló ń gba ìyókù ìrẹ́jẹ náà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi owó kòkó ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan; ẹni tó bá dé Ìbàdàn á rí Ilé Kòkó tó parí ní 1965. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ọmọ onílẹ̀ ni tàbí ọmọ àlejò. Èmi wọlé ní 1964. Mo ń fẹsẹ̀ rìn láti abà lọ, mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ olókòkó bá sá wálé ní àsìkò jíjá kòkó, bàbá àwa kì í jẹ́ ká pa ilé ìwé jẹ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Tèmi kọ́ ni kòkó. Ìwé nìkan ni wọn ò ní kí n má gbìn." Nínú àwa ọmọ méje, márùn-ún di olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé. Kò sí èyí tó ń gbé Ọ̀rẹ̀ nínú wa.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dun bàbá mi tó. Ní 1978 ni ìjọba ológun ṣe Òfin Ilẹ̀, tó fi ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà. Òfin náà ní bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni wọn yóò san owó rẹ̀: ilé, igi, ohun ọ̀gbìn. Kò ju ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n wá gba ilẹ̀ kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, oko bàbá mi sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kà á gbé ìwé ńlá dání. Wọ́n ń fi ọ̀dà sàmì sára kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á sókè. Nígbà tí wọ́n dé oko bàbá mi, wọ́n wo ebè, wọ́n wo ẹ̀gẹ́, ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Bàbá, igi yín dà?" Bàbá mi na ọwọ́ sí ìdí ilé. Igi ọsàn kan wà níbẹ̀, tí màámi fi èso rẹ̀ sọ ilẹ̀ ní ọdún tí wọ́n bí mi, tí onílẹ̀ sì mójú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n sàmì sí i. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n iṣẹ́ àgbẹ̀, igi ọsàn kan. Bàbá mi kò bá wọn jà. Ó kàn bi wọ́n léèrè bóyá òun lè ká ọsàn tó wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gé e.

Mo padà lọ síbẹ̀ ní 2024, ọdún tí kòkó gbówó lórí lágbàáyé tó fi kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Gbogbo èèyàn ló ń wá ilẹ̀ kòkó. Nínú igbó ọba Olúwa pàápàá, àwọn àgbẹ̀ ti gbin kòkó síbi tí wọ́n ní kí wọ́n má gbìn, ọkàn wọn kò sì balẹ̀, torí ìjọba lè dé lọ́jọ́ kan kí ó ní kí wọ́n kúrò. Ní ilé oúnjẹ kan létí títì, ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbọ́ pé olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìpínlẹ̀ Benue ló ti wá, Yorùbá rẹ̀ já geere. Ó mú ìwé kan tó ti rún jáde lápò, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí. Wọ́n ti ní kí n fọwọ́ sí i."

Ìwé àdéhùn ilẹ̀ ni. Lọ́yà ló tẹ̀ ẹ́, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Owó ló kù tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, kò sí iṣu, kò sí ọtí. Mo kà á fún un dé ìlà kẹrin, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ohun ọ̀gbìn ọlọ́dọọdún nìkan ló gbọ́dọ̀ gbìn, àti pé kò gbọ́dọ̀ gbin igi kankan.

Ó ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé igi ni ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Awakọ̀ wa ti ń fọn fèrè. Mo ní kó lọ bi onílẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.